Ọpẹ́ Ló Pa Èlé

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, Káfíńtà ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò pe ẹnikẹ́ni. Orí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ló jókòó lé, ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wo títì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá láràárọ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti parí, tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò sì tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Aránṣọ, ìyàwó ilé náà, ṣílẹ̀kùn, ó rí i.

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó ọ̀gá."

"Ẹ káàárọ̀, Káfíńtà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́."

Ó wọlé padà. Ẹni tó wá sin gbèsè tí kò sọ̀rọ̀, kò sí ariwo tó tó tirẹ̀.

Nínú ilé, ìdajì búrẹ́dì kan ló kù. Aránṣọ gé e sọ́nà mẹ́rin. Agbaṣẹ́ṣe, ọkọ rẹ̀, ti jókòó sídìí tábìlì, ó di ife tíì tí kò ní mílíìkì mú. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, wà lórí ibùsùn tí wọ́n gbé sígun pálọ̀, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á mọ́ láti máa lọ máa bọ̀ sí yàrá.

"Ọ̀nà mẹ́rin?" ni Agbaṣẹ́ṣe wí. "Ta ni ìkẹrin?"

"Káfíńtà."

"Káfíńtà ti wá di ọmọ ilé."

"Ẹ sanwó ẹ̀ kó lè padà di àlejò."

Agbaṣẹ́ṣe ri búrẹ́dì rẹ̀ bọ inú tíì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò le láti sọ. Agbaṣẹ́ṣe tún wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún kọ́ fún ìjọba. Ó parí rẹ̀. Wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ bí síbẹ̀ ti ń sáré kiri kí ìjọba tó sanwó. Kí iṣẹ́ má bàa dúró lójú ọ̀nà, ó ti lọ yáwó lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sogúndogójì, ó fi ìwé ilé dógò. Nígbà tí ojú owó yóò fi jáde lọ́wọ́ ìjọba, èlé Sogúndogójì ti ga ju ìyá tó bí i lọ. Gbogbo ojú owó bọ́ sí i lọ́wọ́, èlé kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà sọ pé bí ìjọba bá pẹ́ kó tó sanwó, òun náà yóò san èlé. Èlé yẹn ni gbogbo ilé gbójú lé. Bó bá jáde lónìí, èlé yóò pa èlé. Bí kò bá jáde, Sogúndogójì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ wá gba ilé. Ó ti sọ bẹ́ẹ̀, kò sì gbóhùn sókè nígbà tó ń sọ ọ́.

"Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí, "tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dúpẹ́."

"Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ fún?"

"Mo mọ̀ yín. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ jókòó, ẹ ó dúpẹ́ àga. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la, ẹ ó dúpẹ́ ọ̀la."

Màmá gbórí sókè lórí ibùsùn. "Kí ló dé tí kò ní dúpẹ́? Ṣé inú igbó ni mo ti tọ́ ọ ni? Ọmọ tó bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà."

"Kì í ṣe oore, Màmá. Owó wa ni."

"Ó ṣáà dé."

"Ó dé lẹ́yìn tí aṣọ ti tán lára wa."

"Ìwọ tó ń ránṣọ? Aṣọ ò lè tán lára ẹ," ni Màmá wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Agbaṣẹ́ṣe ń wo inú ife bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Aránṣọ rò pé ebi ni.

"Mo ń bá yín lọ," ó wí.

"Ìwọ? Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n ti sọ ọ́ tán. Èwo ló kù?"

Ó gbé búrẹ́dì jáde fún Káfíńtà. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò kúrò ní títì.

Gbọ́yìísọ̀yìí, obìnrin ilé kejì, ń gbálẹ̀ níwájú ilé rẹ̀. Ilẹ̀ náà ti mọ́ láti àná. Bó ṣe rí tọkọtaya náà, ó fi ìgbálẹ̀ tì.

"Ìyàwó Agbaṣẹ́ṣe, ẹ múra o. Ṣé ìjọba tún ti pè yín ni?"

"Àwa la pe ara wa."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo rí bàbá wọn lórí fóònù ọmọ mi lọ́jọ́sí. Aṣọ wọn bá wọn mu. Ẹnu wọn sì dùn bí oyin."

"Fóònù wo?"

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Agbaṣẹ́ṣe wí. Ó ti wà níwájú, ó ń yára. "Oòrùn ti ń mú."

Oòrùn kò tíì mú. Aránṣọ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ Gbọ́yìísọ̀yìí, bó bá gbé e, kò ní rìn jìnnà. Ó jù ú sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn. Owó ọkọ̀ ẹnì kan ló wà nílé, wọn kò sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tí yóò gun ọkọ̀. Wọ́n kọjá níwájú ilé ìwòsàn. Lára ògiri wọ́ọ̀dù tuntun náà, wọ́n ti fi òkúta dídán kọ orúkọ ẹni tó gé rìbọ́nnì. Orúkọ ẹni tó po sìmẹ́ńtì kò sí níbẹ̀. Obìnrin kan ń jáde bọ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun, ìyá rẹ̀ ń di agboòrùn lé wọn lórí. Agbaṣẹ́ṣe yà fún wọn lọ́nà.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń sanwó gùn bí ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló la àárín rẹ̀ já, àwọn fáìlì tí wọ́n fi okùn dì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ìsàlẹ̀ dókè, àwọn èèyàn sì jókòó sórí àga níwájú wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má bàa sá lọ. Ọkùnrin sísanra kan wà níbẹ̀ tí àwọn yòókù ń pè ní Alága. Kì í ṣe oyè. Àga ló tà fún ìjọba.

"Ẹ wá jókòó," ni Alága wí fún wọn. "Àga mi ni. Wọn ò tíì sanwó ẹ̀. Èmi ń fi ìdí jẹ èlé mi díẹ̀díẹ̀, ẹ wá bá mi jẹ níbẹ̀."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé òun rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ̀yin ń wá?" ni Alága bi í.

"Èlé."

"Háà. Ojú owó lèmi ṣì ń wá. Ẹ ti jù mí lọ, ẹ ti dé kíláàsì kejì."

Wọ́n jókòó títí ara fi ro wọ́n. Ẹnì kan wọlé, ó jáde. Ẹlòmíràn wọlé, kò tètè jáde, àwọn tó kù sì ń wo ilẹ̀kùn bí ẹni tó ń wo ọbẹ̀ tó fẹ́ hó. Nígbà tó kàn wọ́n, Aránṣọ dìde ṣáájú ọkọ rẹ̀.

Ọ̀gá Oníṣirò kò dàgbà. Ó níwà. Ó dìde fún wọn, ó fa àga, ó ní kí wọ́n gbé omi tútù wá.

"Ẹ ṣ..." ni Agbaṣẹ́ṣe bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó gbé ìyókù mì.

"Bàbá," ni Ọ̀gá Oníṣirò wí, "ọ̀rọ̀ èlé yìí le díẹ̀."

"Kò le rárá," ni Aránṣọ wí. "Ó wà nínú ìwé tẹ́yin fúnra yín fún wa. Ẹ ní bówó bá pẹ́, ẹ ó san èlé. Owó pẹ́. Ẹ san èlé."

"Ẹ̀yin ìyá mọ ọ̀rọ̀ sọ o. Ká ní ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ yìí ṣe, bóyá à bá má débi tá a dé yìí."

"Èmi náà lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ yìí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ṣí fáìlì, ó tún pa á dé.

"Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹni tó bá béèrè èlé, ó yẹ ká san án fún un. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé ẹni tó bá ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun àti ìjọba ò ní gbèsè láàárín mọ́, ọ̀rọ̀ èlé ti parí nìyẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀gá Oníṣirò wo Agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

"Ẹ ò sọ fún wọn nílé ni, bàbá?"

Ọ̀gá Oníṣirò yọ fóònù, ó wá nǹkan lórí rẹ̀, ó gbé e dúró ti fáìlì kí àwọn méjèèjì lè rí i.

Aránṣọ kọ́kọ́ rí ẹ̀wù náà. Òun ló rán an, òun ló lọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe ọkọ rẹ̀ pé kó wá gba ojú owó. Àwọn agbaṣẹ́ṣe tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan ń na máìkì sí wọn lẹ́nu. Máìkì dé ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbowó yín?"

"A ti gbà á, sà. A dúpẹ́. Ìjọba kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó."

"Ṣé ó ku nǹkan kan?"

"Rárá o. Kí ló tún kù? Ìjọba ò jẹ wá ní gbèsè kankan. Àwa gan-an la jẹ ìjọba ní gbèsè ọpẹ́."

Àwọn tó wà nínú fídíò náà pàtẹ́wọ́. Ọkọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbẹ̀, nínú ẹ̀wù tó lọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí kẹ́yìn kí ojú fóònù tó ṣú.

"Wọ́n ti fi han agbẹjọ́rò wa," ni Ọ̀gá Oníṣirò wí. "Ohun tó rí kọ lórí ẹ̀ ò ju ìlà kan lọ."

"Ìkíni nìyẹn," ni Aránṣọ wí.

"Mo gbọ́."

"Ọ̀gá, bí wọ́n bá kí yín láàárọ̀ pé ṣé dáadáa lẹ jí, kí lẹ máa ń sọ?"

"Mo máa ń ní a dúpẹ́."

"Bí ibà bá ń ṣe yín lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

"Màá ṣì ní a dúpẹ́."

"Dókítà á wá gbọ́ ìyẹn, á ní ara yín ti yá, á lé yín nílé?"

Ọ̀gá Oníṣirò kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ìka nu ojú tábìlì níbi tí kò sí ìdọ̀tí.

"Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ìṣirò ò mọ ìkíni."

"Kò mọ ìkíni, ó sì fi ìkíni pa èlé."

Omi tútù tí wọ́n gbé wá ń làágùn lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n dúpẹ́?" ni Aránṣọ tún bi í.

"A ò ní kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́. Máìkì la na sí wọn. Gbogbo wọn ló dúpẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni ò dúpẹ́. Ó gba owó ẹ̀, ó kà á lójú wa, ó lọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pè é ní aláìmoore."

"Ibo lọ̀rọ̀ tiẹ̀ já sí?"

Ọkùnrin náà mú fóònù rẹ̀ kúrò lára fáìlì. "A ti san èlé tiẹ̀."

Ó wá sọ fún wọn pé ilé ẹjọ́ wà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń na àga síni. Aránṣọ bi í pé yóò gba ọdún mélòó. Ó ní òun kò lè sọ, pé ẹjọ́ irú rẹ̀ kan wà tí ẹni tó pè é ti kú, ọmọ rẹ̀ ló ń bá a lọ báyìí.

Nígbà tí wọ́n jáde, Alága gbójú sókè lórí àga rẹ̀. "Ṣé wọ́n dá yín lóhùn?"

"Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sanwó fún yín," ni Aránṣọ wí, "tí wọ́n bá na máìkì sí yín lẹ́nu, ẹ máa sín títí wọ́n á fi gbé e lọ."

Alága rò pé àwàdà ni. Ẹ̀rín rẹ̀ sìn wọ́n jáde.

Wọ́n rìn títí wọ́n fi kọjá ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà kí Aránṣọ tó sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ojú ló tì mí."

"Ìgbà wo lójú tì yín? Ìgbà tẹ́ ẹ sọ ọ́, àbí ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ?"

Ó rìn díẹ̀ sí i. "Nígbà tí agbẹjọ́rò wọn ránṣẹ́ pè mí. Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́, inú mi dùn ni. Ó ti pẹ́ tínú mi dùn. Mo wọlé, wọ́n pè mí ní sà. Wọ́n fún mi lómi."

"Omi."

"Ìwọ náà rí i, ó tutù."

Aránṣọ wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tébi ti pa pẹ́, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ara rẹ̀ fún un, á ṣe bí ẹni tí wọ́n fi ta lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ yìí wá sí i lẹ́nu, ó gbé e mì. Àtàárọ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń gbé nǹkan mì tí kì í ṣe oúnjẹ.

"Ẹ jẹ́ ká ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi," ó wí nígbà tó yá.

"Kò tó."

"Mo mọ̀ pé kò tó."

"Kí la ó wá máa jẹ?"

Wọ́n ń lọ.

Káfíńtà ṣì wà lórí búlọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n dé. Ó wo ojú wọn, ó dá ojú padà sí títì. Gbọ́yìísọ̀yìí yọjú lójú fèrèsé, ó rí bí wọ́n ṣe ń rìn. Ó pa fèrèsé dé, ṣùgbọ́n kò pa ẹnu dé. Wọ́n gbọ́ ọ tó ń sọ fún ẹnì kan nínú ilé pé ẹnu òrofó ló ń pa òrofó.

"Ṣé wọ́n fún yín?" ni Màmá bi wọ́n látorí ibùsùn.

Aránṣọ lọ sídìí iná. Ẹ̀wà tó rẹ sílẹ̀ láàárọ̀ ti wú. Ó gbé e kaná, ó ń fi ọwọ́ ṣa èyí tó léfòó kúrò.

"Mo ní ṣé wọ́n fún yín?"

"Wọn ò fún wa, Màmá," ni Agbaṣẹ́ṣe wí.

"Kí ni wọ́n ní o ṣe?"

Ó rò ó. "Wọ́n ní mo dúpẹ́."

Màmá gbìyànjú láti jókòó, kò rọrùn fún un. Aránṣọ nu ọwọ́, ó wá gbé e ró, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn.

"Ọpẹ́ ti di ẹ̀ṣẹ̀?" ni Màmá bi í, ní ohùn kékeré. "Nítorí pé èmi ni mo kọ́ ọmọ mi láti máa dúpẹ́."

Aránṣọ lè dá a lóhùn. Èsì náà ti pọ́n lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà tó wú lábẹ́ aṣọ, ó fa aṣọ náà bò ó.

"Ẹ̀wà máa tó jinná, Màmá," ó wí.

Ìrọ̀lẹ́ ni Sogúndogójì dé. Kì í ṣe ọkùnrin ńlá. Ó fọ̀ mọ́, ó ń rọra sọ̀rọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán. Ó bọ́ bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, bí ẹni tó ń bọ̀wọ̀ fún ilé. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì ń ti ọmọlanke kan bọ̀, pákó ló kún inú rẹ̀.

Ó kí Màmá dáadáa. Ó béèrè ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá kọjú sí Agbaṣẹ́ṣe.

"Wọn ò san án."

"Wọn ò san án," ni Agbaṣẹ́ṣe wí.

"Mo mọ̀. Ọmọ mi ti fi fídíò yẹn hàn mí tipẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni mo lọ ra pákó."

Aránṣọ jáde látìdí iná. "Ẹ mọ̀ látìgbà yẹn, ẹ sì ní ká máa retí títí di òní?"

"Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ ní kí n fún yín lákòókò. Mo fún yín."

"Ẹ fún wa ní oṣù kan sí i," ni Agbaṣẹ́ṣe wí.

"Oṣù náà á bímọ, ọ̀rẹ́ mi. Ta ló máa tọ́ ọ? Èmi náà yáwó níbìkan. Ẹni tó yá mi ò mọ̀ yín, kò mọ ìjọba." Ó wo pálọ̀ yíká, láti igun dé igun. "Mi ò ní lé yín síta. Èèyàn lèmi náà. Ẹ máa gbé yàrá ẹ̀yìn. Màá ṣe owó ilé ẹ̀ ní ìrọ̀rùn fún yín. Àwọn yàrá yòókù ti ní ẹni tó ń bọ̀ níbẹ̀. Pálọ̀ yìí tóbi jù fún ẹnì kan, màá fi pákó dí i láàárín kó di méjì. Àwọn méjèèjì tó máa gbé e ti sanwó."

"Pálọ̀ wo?" ni Màmá bi í.

Agbaṣẹ́ṣe di orí ibùsùn mú, Aránṣọ di ìsàlẹ̀ mú, wọ́n gbé e pẹ̀lú Màmá lórí rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n ní láti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gba ẹnu ọ̀nà. Màmá di ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n gbé tábìlì. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Yàrá náà kún kí wọ́n tó gbé ìdajì.

Nígbà tí wọ́n padà sí pálọ̀, Sogúndogójì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá Káfíńtà sọ̀rọ̀.

"Ṣé o níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Mi ò ní."

"Pákó nìyí. Ìṣó wà nínú páálí yẹn. Èló lo máa gbà?"

Káfíńtà sọ iye tó máa gbà. Sogúndogójì kò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó sì kà á sí i lọ́wọ́ níbẹ̀. "Èmi kì í jẹ oníṣẹ́ ọwọ́ ní gbèsè," ó wí. "Ẹni tó bá jẹ káfíńtà ní gbèsè, ilẹ̀kùn ẹ̀ ò ní tì."

Káfíńtà di owó náà mú. Ó pẹ́ tó ti di irú rẹ̀ mú. Kò wo Agbaṣẹ́ṣe, Aránṣọ ló wò.

"Ẹ má bínú, ìyàwó ọ̀gá."

"Ẹ̀ ń bẹ̀ mí fún kí ni?" ni Aránṣọ wí. "Ọmọ yín á jẹun lálẹ́ yìí. Ẹ lọ ṣiṣẹ́ yín."

Wọ́n kó pákó wọlé. Àwọn aládùúgbò ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Gbọ́yìísọ̀yìí wà láàárín wọn, ó ká ọwọ́ gbera. Ó ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ tó lè lọ sọ fún.

Káfíńtà gbé òpó àkọ́kọ́ dúró láàárín pálọ̀. Òun nìkan ni. Bó ṣe di òkè rẹ̀ mú ni ìsàlẹ̀ ń yọ̀. Bó ṣe fi ẹsẹ̀ ti ìsàlẹ̀ ni òkè ń fì. Ó kan ìṣó kan, ìṣó náà wọ́. Agbaṣẹ́ṣe jókòó sórí àpótí kan nígun tí ibùsùn Màmá wà tẹ́lẹ̀, ó ń wò ó. Ìṣó kejì náà wọ́. Agbaṣẹ́ṣe dìde.

"Bàbá wọn," ni Aránṣọ wí, "ẹ fi sílẹ̀."

"Èèyàn máa sùn sábẹ́ ẹ̀."

"Kì í ṣe àwa."

"Èèyàn ṣáà ni."

Ó di òpó náà mú. Ó so òkúta kan mọ́ okùn, ó jẹ́ kó fì títí ó fi dúró jẹ́ẹ́, ó wo òpó, ó wo okùn. Ó ti òpó náà díẹ̀ sápá òsì. Káfíńtà kan ìṣó, ìṣó wọlé ṣinṣin.

Sogúndogójì ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe mọ́. Ọ̀rẹ́ mi, màá yọ owó iṣẹ́ tìẹ náà nínú owó ilé oṣù yìí. Mi ò ní gbàgbé."

Agbaṣẹ́ṣe fi òpó sílẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó na ọwọ́.

"San án báyìí."

"Mo ní màá yọ ọ́ nínú..."

"Mo gbọ́. San án báyìí, kí n tó di pákó mìíràn mú."

Sogúndogójì rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ó sì dá ẹ̀rín náà dúró. Ó kì ọwọ́ bọ àpò. Agbaṣẹ́ṣe ka ohun tó fún un. Ó ní kò pé. Sogúndogójì fi kún un. Ó tún un kà, ó mú un wá fún Aránṣọ, ó sì padà sídìí iṣẹ́.

Kò pọ̀. Yóò ra búrẹ́dì, yóò ra epo àtùpà, lẹ́yìn náà ó tán. Aránṣọ so ó mọ́ etí aṣọ. Ó yẹ kó lọ wo ẹ̀wà, kò lọ. Ó dúró síbi tó wà, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí yàrá tuntun wọn, ó ń wo pálọ̀ tó ń di méjì. Pákó àkọ́kọ́ bo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Èkejì bo ìbàdí rẹ̀. Wọ́n ń gbé wọn lé ara wọn, òòlù ń dún, eruku pákó ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú fèrèsé. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ nìkan ló rí. Lẹ́yìn náà kò rí i mọ́. Ohùn rẹ̀ ló ń gbọ́ láti òdì kejì, ó ń sọ fún Káfíńtà pé kó gbé e sókè díẹ̀ sí i, kò tíì tọ́.